Swíìṣì Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ilé tí wọ́n ti ń na èèyàn ni wọ́n bí mi sí, n kò sì ní purọ́ pé n kò kọ́ ọ níbẹ̀. Ọwọ́ mi yá. Ìyàwó tí mo fẹ́ kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn nítorí ọwọ́ yìí, kò sì padà wá. Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, àmọ́ tí oníbàárà bá ń pariwo lé mi lórí, ó lè jẹ́ púláyà ọwọ́ mi ni yóò dá a lóhùn. Mo ti sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́.

Ayédé ni ilé wa. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá wa kí wọ́n tó di olóògbé. Kobóko wọn kì í kúrò lórí ìṣó tó wà nínú pálọ̀. Wọn kì í pariwo tí wọ́n bá fẹ́ nà ọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n á ká a dáadáa, wọ́n á gbé e lé orí àga, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ nawọ́ sókè. Títí di òní, tí mo bá rí ọkùnrin tó ń ká ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn mi máa ń le.

Àwa méjì péré ló yè nínú ọmọ tí ìyá wa bí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti èmi. Ọdún márùn-ún ló fi jù mí. Lójú rẹ̀ mo máa ń sọ pé "ẹ̀yin", nítorí wọ́n kọ́ mi nílé. Níbí mo ń pè é ní "ó", nítorí inú ṣì ń bí mi, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbínú náà.

Òfin kan wà nílé wa, kò sì sí ilé kan ládùúgbò wa tí kò sí: tí àbúrò bá ṣẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n máa nà. "Ùwọ ni àgbà, ùwọ ló yẹ kó mọ̀." Kò sí àwíjàre. Mo fọ́ ìkòkò omi, wọ́n na ẹ̀gbọ́n mi. Mo ju òkúta lu ewúrẹ́ aládùúgbò, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kán, wọ́n na ẹ̀gbọ́n mi títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ lẹ́yìn rẹ̀. Èmi á fara ti ògiri, màá máa wò. Kò dárúkọ mi rí. Tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, yóò wá mi kàn, yóò gbá mi létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó sì jọ gbé korobá lọ pọn omi. Èmi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe rí, mo sì gbádùn rẹ̀.

Tí nínà nìkan kò bá tó bàbá wa, wọ́n á ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́ balùwẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni balùwẹ̀ náà wà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, páànù ló bò ó, kò ní fèrèsé kankan. Ìta ni wọ́n kan bóòtù ilẹ̀kùn rẹ̀ sí nítorí àwọn ewúrẹ́, nítorí náà ẹni tó wà nínú kò lè ṣí i fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá ti tì í, kò sí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀ àfi èyí tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Nígbà tó di ọmọ ọdún méjìdínlógún, ẹ̀gbọ́n mi jáde lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan láìdágbére. Ó dé Èkó, ó dé Jẹ́mánì, ó ń wa bọ́ọ̀sì níbẹ̀, kò sì padà wá fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí bàbá wa kú, kò wá sìnkú. Gbogbo Ayédé ló sọ pé kobóko bàbá wa ló lé e lọ. Ìyá wa pẹ̀lú gbà bẹ́ẹ̀. Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń bá fọ́tò bàbá wa jà láàárọ̀, tí wọ́n ń bi í pé, "Ọmọ mi dà?" N kò dá sí i rí.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi dé. Ilé ni ó wà wá. Mo mọ ohun tí mo ń sọ: ọkọ̀ funfun gàgàrà kan ni, tó ní bẹ́ẹ̀dì nínú, tó ní sítóòfù àti fíríìjì, tí sólà sì wà lórí rẹ̀. Inú ọkọ̀ ojú omi ló ti gbé e wá sí Èkó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wà á dé Ayédé. Ẹ̀ka máńgòrò tó wà lójú ọ̀nà ha á lára lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ará àdúgbò jáde, wọ́n ní "ulé onítáyà" ti dé. Ó dá a dúró sí iwájú ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń sá kòkó, kò sì jáde kúrò nínú rẹ̀ lọ sùn síbòmíràn.

Ìyá wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ti fọ yàrá kan, wọ́n ti tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ náà, wọ́n ní, "Kí ni mo ṣe fún ọ tí o ò fi lè wọ ulé mi?"

"Ìye, ẹ ò ṣe nǹkan kan," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Èkìtì ẹnu rẹ̀ jinlẹ̀ ju tiwa lọ, torí pé kò rí ẹni bà á jẹ́ fún un níbi tó wà. "Ẹ jẹ́ kí n gbé unú ọkọ̀ mi ná. Tí ara mi bá gba àgbàlá yìí títí òjò fi dé, tí mo lè sùn, tí mo lè wẹ̀, mi ò padà mọ́. Tí kò bá gbà á, màá lọ."

Ìyá wa di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Láti ọjọ́ náà, kò sí àdúrà mìíràn lẹ́nu wọn. Wọ́n ń wo ojú ẹ̀gbọ́n mi láràárọ̀ láti mọ̀ bóyá ó sùn. Wọ́n ń gúnyán, wọ́n ń gbé e lọ síbi ọkọ̀ náà, wọ́n ń dúró títí yóò fi jẹ ẹ́ tán.

Wíwẹ̀ ló wá di wàhálà. Balùwẹ̀ inú ọkọ̀ náà kò tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fọ ẹ̀yìn ara rẹ̀ níbẹ̀ ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ògiri. Kò ní fèrèsé, iná kékeré kan ṣoṣo ló wà lókè rẹ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí o bá sì tẹríba láti bu ọṣẹ, ara rẹ ni yóò dí i. Ẹ̀gbọ́n mi kì í tilẹ̀kùn tó bá ń wẹ̀. Omi ń ta sórí pákó ilẹ̀ ọkọ̀, pákó ti ń wú, ó ti ń rùn. Ìyá wa ló pè mí. Wọ́n ní, "Ùwọ tó o ń ṣe uná fún gbogbo ayé, lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ fi uná sí balùwẹ̀ rẹ̀."

Mo lọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò tíì sọ̀rọ̀ gidi láti ìgbà tó ti dé. Ó fi ibẹ̀ hàn mí, òun fúnra rẹ̀ sì dúró síta.

"Mo fẹ́ kó mọ́lẹ̀ débi tí òjìji ò ní sí níbẹ̀ rárá," ló wí.

"Bọ̀dá, ṣé abẹ́rẹ́ lẹ fẹ́ máa wá níbẹ̀ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n sọ iye iná tí yóò gbà. Mo ní ọ̀kan lókè dígí, méjì lókè ibi tí omi ti ń já bọ́, àti ọ̀kan nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní kí n fi ọ̀kan kún un.

Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà gbà mí. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Òyè láti lọ ra àwọn gílóòbù kéékèèké tó ń lo iná bátìrì. Mo tú pátákó òkè, mo gba ẹ̀yìn dígí fa wáyà, mo fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ojú ihò kí omi má bàa yọ́ wọlé. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, mo ń kọrin nídìí rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi yá ọkọ̀ takisí kan, ó fi gbé ìyá wa lọ sí Ìkọ̀lé láti lọ ra nǹkan, èmi nìkan ló sì wà nílé nígbà tí mo kan swíìṣì.

Ẹ gbọ́ ibi tí mo kàn án sí. Gbogbo balùwẹ̀ tí mo ti ṣiṣẹ́ iná sí láyé mi, láti ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Òyè títí dé ilé àlejò ní Ìdó, ìta ni swíìṣì máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù ilẹ̀kùn. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn: ọwọ́ tútù kò gbọ́dọ̀ kan swíìṣì. Iná bátìrì inú ọkọ̀ yìí kò lè pa eèrà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè wà nínú balùwẹ̀ láìsí ewu kankan. Àmọ́ n kò tilẹ̀ ro ó. Ọwọ́ mi lọ síbi tó ti mọ́ ọn lára láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó lu ihò sí ìta, ó kan swíìṣì síbẹ̀.

Ọ̀sán ni wọ́n dé. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ wá wò ó." Mo ti tan gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ó wọlé, ó yí ojú ká. Gbogbo ibẹ̀ funfun, ó ń dán. Ó wo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sí òjìji kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín nínú ibẹ̀, ẹ̀rín ọmọdé. Inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú. Ọgbọ̀n ọdún, èmi ni mo sì ṣe ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin náà mọ àwàdà tí a máa ń ṣe níbí tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò sí oníṣẹ́ iná tí kì í ṣe é fún oníbàárà rẹ̀ tí iṣẹ́ bá parí. Mo na ìka, mo pa swíìṣì náà, mo sì pariwo pé, "Wọ́n ti mú uná lọ o!"

Mo ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́. Bí mo ṣe ní kí n tan án padà ni ilẹ̀kùn já jáde pẹ̀lú férémù rẹ̀.

Ó ti fa irin tí wọ́n ń fi kọ́ aṣọ ìnura tu lára ògiri. Ìkíní bà mí ní èjìká, apá mi kú pátápátá. Ìkejì ba etí mi. Ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tó mọ ẹni tó ń lù. Ó ń lù mí bí ẹni ń lu ògiri láti wá ibi àbájáde. Mo pè é ní Bọ̀dá, kò gbọ́. A jọ gba ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ já bọ́ sílẹ̀, òun lórí, èmi nísàlẹ̀, ó ju irin sílẹ̀, ó wá di ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ lójú.

Ìgbà yẹn ni tèmi dé. Mo ti sọ fún yín pé ọwọ́ mi yá. Púláyà wà nínú àpò mi, mo fà á yọ, mo fi gbá a lẹ́nu. Mo gbọ́ ìró eyín. Ẹ̀jẹ̀ dà sí mi lára, n kò sì dúró, mo tún gbá a. Kò sí àbúrò, kò sí ẹ̀gbọ́n mọ́. Mo fẹ́ kí nǹkan kán lára rẹ̀, mo fẹ́ kó dùn ún. Ọwọ́ kan di aṣọ mi mú láti ẹ̀yìn, mo rò pé òun ni, mo fi gbogbo agbára gba ọwọ́ náà dànù.

Ìyá wa ni. Wọ́n fi ọwọ́ ti ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣubú sórí kankéré. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ṣẹ́ lókè ọrùn ọwọ́, mo sì gbọ́ ọ, ó dún bí igi gbígbẹ. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n di ọwọ́ náà mú, wọ́n ń wo àwa méjèèjì.

Ìdó ni a gbé wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló wa ọkọ̀ takisí tí a yá, ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ ń kán sí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, èmi gbé orí ìyá wa lé itan. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ní ọsibítù wo ojú mi, ó wo ẹnu ẹ̀gbọ́n mi, ó wo ọwọ́ màmá. Ó ní, "Ta ló ṣe èyí fún màmá yìí?"

"Èmi ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ẹnu mi kò tíì là. Mo fẹ́ là á, kò là. Nọ́ọ̀sì náà bú u, ó ní àgbàlagbà bíi tirẹ̀, ojú kò tì í. Àwọn èèyàn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yíjú wò ó. Ó tẹríba. Ìyá wa mọ ẹni tó tì wọ́n, ojú wọn ló ṣẹlẹ̀, wọ́n sì dijú. Èmi fara ti ògiri, mo ń wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sí yàrá mi pẹ̀lú ojú kan tí kò lè là, mo sì rántí ohun tí n kì í fẹ́ rántí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Bàbá wa sá kòkó, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ, kí n fi tapólì bò ó tí òjò bá ṣú. Mo sá lọ gbá bọ́ọ̀lù. Òjò rọ̀ sí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló wá mi rí, ó sì gbá mi létí lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kejì bàbá wa ká ṣẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n na ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n tì í mọ́ balùwẹ̀. Ìyá wa kò sí nílé, wọ́n ti lọ kí àwọn ará ilé wọn ní Ayégbajú. Kí bàbá wa tó lọ sí oko ọ̀nà Ìtapàjí, wọ́n dúró níwájú ilẹ̀kùn náà, wọ́n ní, "Tí oòrùn bá ti dé àtàrí, ṣí i fún un, kó jáde." Èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún.

N kò ṣí i. Ìrọ̀lẹ́ ni bàbá wa dé, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fa bóòtù náà. Èékánná ẹ̀gbọ́n mi ti ya, amọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ kún ọwọ́ rẹ̀, kò lè lajú sí ìmọ́lẹ̀. Bàbá wa wò mí pẹ́. Wọ́n wọlé. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi láti ìgbà náà ni pé mo gbàgbé.

Ọjọ́ kẹta tí a ti Ìdó dé, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn bíríkì tó fi dá táyà ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Kò bá mi jà, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá wa jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà kó má bàa lè tilẹ̀kùn, ọwọ́ wọn wà nínú pí-ó-pí funfun tí wọ́n fi dì í ní ọsibítù, wọ́n ń sunkún.

"Bàbá rẹ ti kú," ni wọ́n ń wí. "Ẹni tó nà ọ́ ti kú. Kí lo tún ń sá fún?"

"Ìye, mi ò lè gbé ibi tí wọ́n ti ń ti èèyàn mọ́ unú òkùnkùn. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

Mo rò pé mo ní ohun tó lè dá a dúró. Mo rò pé tí mo bá wẹ bàbá wa mọ́, tó bá mọ̀ pé wọn kò ní in lọ́kàn láti fi í síbẹ̀ títí alẹ́, ìbínú rẹ̀ sí ilé náà yóò rọ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku. Mo ní, "Bọ̀dá, kì í ṣe Bàámi. Ọjọ́ òjò kòkó yẹn, wọ́n ní kí n ṣí yín lọ́sàn-án. Èmi ni mo gbàgbé."

Ìyá wa dákẹ́ ẹkún. Ẹ̀gbọ́n mi gbé bíríkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ẹ̀yìn ulẹ̀kùn ni mo wà. Mo gbọ́ ohùn wọn. Ọkàn mi balẹ̀, mo ní ọ̀sán kò jìnnà." Ó fi ọwọ́ nu ibi tí eyín rẹ̀ ti yọ. "O ò sì gbàgbé. O wá. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ ulẹ̀kùn. Mo pè ọ́. Mo ní, 'Àbúrò mi, ó ti tó, ṣí i.' O dúró síbẹ̀ títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, o wá padà lọ."

Òótọ́ ni. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo rí i, àtẹ́lẹsẹ̀ mi lórí ilẹ̀ gbígbóná, bóòtù náà ní ọ̀gangan ojú mi. Etí mi ṣì ń ta mí láti inú ìgbátí méjì tó gbá mi. Ó ń bẹ̀ mí, ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí rí láyé mi, ó sì dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó dùn mọ́ mi.

"Bàámi nà mí, wọ́n na gbogbo ọmọ ùlú yìí," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Èmi ò bá wọn jà. Mo jẹ ùyà rẹ láti ìgbà tí o ti ń rákò, mi ò dárúkọ rẹ rí. Ùwọ ni mi ò lè máa rí."

Ìyá wa dìde. Nínú ilé tí wọ́n ti ń na èèyàn yìí, ìyá wa kò fọwọ́ kan ọmọ rí, àní nígbà tí a wà ní kékeré. Wọ́n rìn wá bá mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Ọ̀tún wọn wà nínú pí-ó-pí, nítorí náà ọwọ́ òsì ni wọ́n lò. Wọ́n gbá mi létí. Agbára wọn kò tó nǹkan, arúgbó ni wọ́n, àmọ́ nínú gbogbo ìyà tí mo ti jẹ àti èyí tí mo ti fi jẹ ẹlòmíràn, kò sí èyí tó dùn mí tó ìgbátí náà.

"Ọgbọ̀n ọdún ló fi kúrò ní ulé nítorí rẹ," ni wọ́n wí. "Mo fi gbogbo rẹ̀ bú òkú. Ùwọ ń gbọ́, o dákẹ́." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Lọ parí uṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Lẹ́yìn náà, ùwọ náà lọ díẹ̀."

Mo bi wọ́n pé lọ síbo. Wọ́n ní ibikíbi tí kì í ṣe àgbàlá yìí.

Mo tún ilẹ̀kùn náà kàn, mo tún férémù rẹ̀ ṣe. Mo yọ swíìṣì kúrò níta, mo fi pákó pẹlẹbẹ bo ihò rẹ̀, mo wá kàn án sínú balùwẹ̀, sí ìwọ̀n gíga èjìká ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé láìwá a. Mo yọ bóòtù tó wà lára ilẹ̀kùn, mo fi èyí tó ń ṣí láti inú nìkan rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn mi ní gbogbo àkókò yìí, kò na irinṣẹ́ kan sí mi. Nígbà tí mo parí, ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Ó pa iná fúnra rẹ̀, ó tàn án, ó pa á, ó tàn án. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ó wẹ̀ pẹ́, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì, omi kankan kò sì jáde sórí pákó. Mo kó irinṣẹ́ mi sínú àpò, mo lọ di ẹrù.

Ìkọ̀lé ni mo wà báyìí, mo gba yàrá kan níbẹ̀. Iṣẹ́ ń wọlé. N kò tíì lu ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí mo ti dé, n kò sì fi yangàn, nítorí ọwọ́ náà ṣì ń yún mi. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ń parí lọ, ẹ̀gbọ́n mi kò sì lọ. Mo máa ń pe ìyá wa lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n mi ti wọ inú ilé, pé yàrá tí wọ́n fọ̀ fún un ló ti ń sùn, pé ó máa ń han-anrun tí wọ́n á fi máa gbọ́ ọ láti yàrá tiwọn. Ọdún mélòó kan ni n kò ti gbọ́ kí ìyá wa máa rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán.

Mo ní, "Ìye, ṣé kí n wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀?"

Mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn wọn, ó ń bi wọ́n pé ṣé kí òun bu omi kún ìkòkò.

"Máà tíì wá," ni wọ́n wí.